EWÉ TÍ A KÒ MỌ̀ NÍNÚ ÌKÒKÒ

Ìwàásù àjọ̀dún fún ìjọ wa ní Ìdógò, àti fún gbogbo ìjọ tí ó wá bá wa yọ̀

Ẹ̀kọ́ Bíbélì: 2 Àwọn Ọba 4:38–41

   

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Ìyàn mú ní Gílígálì. Èlíṣà wòlíì ní kí wọ́n gbé ìkòkò ńlá kaná fún àwọn ọmọ wòlíì. Ọ̀kan nínú wọn bọ́ sí oko, ó rí ìtàkùn kan, ó ká èso rẹ̀ kún aṣọ, ó rẹ́ ẹ sínú ọbẹ̀. Bíbélì sọ ọ́ gbangba pé wọn kò mọ ohun tí ó jẹ́. Bí wọ́n ti tọ́ ọ wò, wọ́n pariwo sí ènìyàn Ọlọ́run pé ohun tí ó wà nínú ìkòkò yìí lè pa àwọn. Ẹ kíyè sí i: ilé wòlíì ni ó ti ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ọ̀tá ni ó wá bu májèlé sí i. Ọmọ ilé ni, ó sì fẹ́ ran ilé lọ́wọ́. Ọkàn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ó já.

EWÉ KÌ Í ṢE Ẹ̀ṢẸ̀

Àwọn kan nínú wa ń rò pé ẹni tí ó bá ti fọwọ́ kan ewé ti di abọ̀rìṣà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Hesekáyà ọba ń ṣàìsàn dé ojú ikú, àdúrà ni ó gbà, Ọlọ́run sì gbọ́. Síbẹ̀ Àìsáyà ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú oówo náà. Ìsíkíẹ́lì rí àwọn igi lẹ́bàá odò tí ewé wọn wà fún ìwòsàn. Ẹni tí ó dá ewé ni à ń sìn. A kì í sin ewé.

Àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ jà fún àdúrà, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé wọn. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918, tí àwọn àgbà ń pè ní lúkúlúkú, ni àwọn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ àdúrà, tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run nìkan fún ìwòsàn. Nígbà tí ó yá, ní ìparí àwọn ọdún 1930, kíníìnì di àríyànjiyàn láàárín àwọn Aládùúrà àti àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Àpọ́sítélì tí wọ́n ti Ìlú Ọba wá. Àwọn òyìnbó ń lò ó nítorí ibà. Àwọn baba wa ní ìgbàgbọ́ wọn kò gba bẹ́ẹ̀. Ó wà lára ohun tí ó pín wọn níyà, tí Christ Apostolic Church fi dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Níbo ni kíníìnì ti wá? Èèpo igi ni, igi sinkónà láti ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà. Ní 1820 ni àwọn ará Faransé méjì yọ agbára inú èèpo náà jáde, tí wọ́n fi lè wọ̀n ọ́n. Oògùn ibà tí ilé ìwòsàn ń fún wa lónìí ńkọ́? Ewéko kan ní ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, tí wọ́n sì fún obìnrin tí ó ṣe iṣẹ́ náà, Tu Youyou, ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Nítorí náà, igi ni baba lápótí òyìnbó, igi náà ni baba nínú ìkòkò àgbo. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé wọ́n mọ ti ọ̀kan, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n mọ iye tí ń wo ni sàn àti iye tí ń pa ni. Ìmọ̀ àti òṣùwọ̀n ni. Ìgbàgbọ́ kò sì sọ pé kí a má ní òṣùwọ̀n.

ÌKÒKÒ ILÉ WA

Ará, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bí ara ọmọ bá gbóná lóru, tí gìrì gbé e, kí ni àwọn ìyá kan ń sáré gbé? Àgbo ìtọ̀ màlúù ni. Wọ́n á ti rẹ ewé tábà sínú rẹ̀, pẹ̀lú áyù, àlùbọ́sà, efinrin. Nínú àwọn ọdún 1970 ni àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn ti yẹ àgbo yìí wò, wọ́n sì rí i pé ó ń lé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó ń dẹ èémí, ó sì ń kó bá ọkàn. Ọmọ tí ibà ti sọ di aláìlágbára, tí kò jẹun láti àárọ̀, ẹ wá tún lé ìwọ̀nba ṣúgà tí ó kù lára rẹ̀ lọ. Á dákẹ́. Ilé á ní gìrì ti lọ. Gìrì kọ́ ni ó lọ, ọmọ ni ó ń lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ìyá àgbà tí ó wà nínú ilé.

Ẹ tún wo apíkán, tí òdòdó rẹ̀ funfun dà bí fèrè, tí èso rẹ̀ ní ẹ̀gún. Ẹni tí ó bá mu ún, ẹnu á gbẹ, ojú á là kalẹ̀, á máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, á máa já nǹkan lójú òfuurufú. A ó ní àwọn ayé ti ṣe é. A ó gbé e wá sórí iyanrìn àdúrà, bẹ́ẹ̀ ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí a gbé e gbà lọ kíákíá. Ẹ wo ìwérénjéjé, hóró pupa tí ó ní ojú dúdú, tí àwọn ọmọdé fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀: ẹni tí ó bá fi eyín fọ́ ọ gbé mì ń fi ẹ̀mí ṣeré. Ẹ wo olómi-òjò, òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè tí a fi ṣe ọgbà yí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé àdúrà ká. Ó lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ ń dá ọkàn ènìyàn dúró. Tí ẹ bá ní in ní àgbàlá, ẹ fi han àwọn ọmọ, ẹ kọ́ wọn.

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni ó kù kan. Òwe dídùn ni. Ṣùgbọ́n òwe yìí náà ni ó ń pa ọ̀pọ̀: àgbo kò jẹ́, wọ́n fi ewé kan kún un, kò tún jẹ́, wọ́n fi òmíràn kún un, wọ́n wá da ọtí lé e. Nígbà tí ewé yóò fi pé, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ti bàjẹ́.

ÌKÒKÒ ÌDÁJỌ́

Ìkòkò kejì wà, òun ni ó burú jù. Òun ni ìkòkò tí wọ́n fi ń wá àjẹ́. Láyé àtijọ́, ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èèpo igi ọbọ̀ ni wọ́n ń rẹ fún ẹni tí wọ́n bá fura sí. Bí ó bá bì í, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí ó bá kú, wọ́n ní àjẹ́ ni. Igi náà kò mọ olóòótọ́ yàtọ̀ sí òṣìkà. Májèlé ọkàn ni ó wà nínú rẹ̀. Ìkùn tí ó bá bì í jáde ni ó yè.

Ilẹ̀ wa yìí náà rí tirẹ̀. Àwọn àgbà kò gbàgbé Àtìngà. Láti Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, ni ó ti gba Dàhòmì wọlé, ní ìparí 1950, ó sì tan ká àwọn ìlú Ẹ̀gbádò, tí a ń jẹ́ Yewa báyìí. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ni wọ́n ń jó, tí wọ́n ń nàka sí àwọn obìnrin, pàápàá àwọn àgbà obìnrin, pé àjẹ́ ni wọ́n. Ẹni tí ó bá gbà, á san owó kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹni tí ó bá sẹ́, adìẹ ni wọ́n fi ń dán an wò. Ìyá olómọ, tí ó ta ọjà títí ó fi rán ọmọ ní ilé ìwé, wá ń jẹ́wọ́ lójú ìta ohun tí kò ṣe, kí ó lè rí ààyè gbé. Ní 1951 ni ìjọba fi òfin de Àtìngà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wa: ṣé ọmọ kò kú mọ́ ní ilẹ̀ wa lẹ́yìn gbogbo rẹ̀? Ibà dúró síbẹ̀. Omi ẹlẹ́gbin dúró síbẹ̀. Àgbo ìtọ̀ màlúù dúró síbẹ̀.

Wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Àwa Aládùúrà gbà pé agbára òkùnkùn wà, a sì gbà pé orúkọ Jésù ga jù ú lọ. Nítorí ìyẹn gan-an ni a fi ń bẹ̀ yín: kí a tó bi ẹni tí ó ké lánàá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ohun tí ọmọ mu lánàá.

Ẹ̀yin wòlíì, ẹ̀yin aríran, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí ẹ bá ríran sí ilé kan, ẹ má dárúkọ ìyá ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ti ẹnu yín jáde pé “àgbà obìnrin kan tí ó pọ́n wà nínú ilé yín”, òkúta ni ó ń dà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé náà. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe po ewé kankan fún ẹni tí a fura sí kí ó mu ún láti fi mọ òtítọ́. Kò sí ewé tí ń ṣe adájọ́.

OHUN TÍ A Ó MÁA ṢE

1. Ewé tí o kò bá mọ orúkọ rẹ̀, tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kò fi hàn ọ́, má já a. Èyí tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n dì sínú ọ̀rá lọ́jà, o kò mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Tí inú ìgò bá ni, wo nọ́ḿbà NAFDAC kí o tó san owó.

2. Má fi ewé lé ewé, má sì da ọtí lé e. Ẹni tí ó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó sọ fún dókítà kí ó tó mu àgbo. Ewúro pàápàá lè fa ṣúgà wálẹ̀ kọjá ààlà bí ó bá pàdé oògùn.

3. Aboyún àti ọmọ ọwọ́ kì í ṣe ẹni tí à ń dán àgbo wò lára wọn. Ọmu ìyá nìkan tó ọmọ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́.

4. Bí gìrì bá gbé ọmọ, ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ta àlùbọ́sà sí i lójú, ẹ má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná, ẹ má fún un ní ohunkóhun mu. Kí ẹnì kan máa gbàdúrà, kí ẹnì kejì máa wá ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìlaró. Àdúrà lè wọ ọkọ̀.

5. Bí ẹnikẹ́ni bá ti jẹ tàbí mu ohun tí ó dà á láàmú, ẹ mú ewé náà tàbí ìgò náà lọ́wọ́ lọ. Ẹ má fi ìtìjú pa á mọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ohun tí ó mọ̀ ni ó lè tọ́jú.

6. Bí ọ̀rọ̀ àjẹ́ bá dìde nínú ilé, ẹ gbé e wá síwájú àwọn àgbà ìjọ ní ìdákẹ́jẹ́, kì í ṣe sí ojúde. Ẹni tí a fẹ̀sùn kàn, ọmọ ìjọ ni títí di òní. Ẹ jẹ́ kí ó rí ibi sá sí lọ́dọ̀ wa.

OHUN TÍ ÈLÍṢÀ KÒ ṢE

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Gílígálì ká sì parí rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pariwo, ilé kún fún wòlíì. Bí ó bá jẹ́ ti òde òní, àwọn kan ì bá ti wọ inú ẹ̀mí lọ láti sọ ẹni tí ó fẹ́ pa wọ́n. Èlíṣà kò béèrè ta ni ọ̀tá. Kò na ọmọ tí ó já èso náà, kò pè é ní oṣó. Ìyẹ̀fun ni ó béèrè, ó dà á sí ìkòkò, ó ní kí wọ́n bù ú fún àwọn ènìyàn. Ìkòkò ni ó wò sàn. Ebi wọn pa kú, ẹnikẹ́ni kò sì sunkún nínú ilé náà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìyẹn ni iṣẹ́ tí a gbé lé gbogbo wa lọ́wọ́ ní àjọ̀dún yìí. Kí olúkúlùkù padà sí ilé, kí ó ṣí ìkòkò rẹ̀, kí ó wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Èyí tí kò mọ̀, kí ó dà á nù.

Kí Olúwa tí ó dá ewé fún wa ní ìmọ̀ tí a ó fi lò ó. Kí a má fi ọwọ́ ara wa po ohun tí yóò pa ọmọ wa. Kí àwọn ìyá àgbà wa sùn ní ilé wọn láìfòyà. Kí àjọ̀dún tí ń bọ̀ bá gbogbo wa láyé, tèwe tàgbà, láìdín ẹnì kan. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín, Àmín, Àmín.