Ta Ló Kọ́kọ́ Gbọ́?

 

Kí ààwẹ̀ èṣí tó dé, ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí n kò ti rí oorun sùn dáadáa. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣe ségesège, mo mọ bí a ti ń wá ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ara mi, "àárẹ̀ lásán ni" ni mò ń wí. Orí fífọ́ ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọn kò rí nǹkan kan.

Ní sààrì ọjọ́ kan, ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, kí ló ń ṣe yín gan-an?" Mo bú sẹ́kún. Ikú bàbá mi ni. Wọ́n ti sin wọ́n kí n tó rí bàálù wọ̀.

Kò ní kí n ṣe sùúrù. Ó jókòó, ó gbọ́ mi tán, ó wá ní kí n lọ rí onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn, àwọn tí wọ́n ń pè ní tẹ́rápíìsì. Mo kọ̀. Ṣé ẹni tó ń kírun tún gbọdọ̀ máa ro ẹjọ́ fún àjèjì? Ṣé kì í ṣe àìnígbàgbọ́ nìyẹn?

Ìtàn tí a ń gbọ́ ní gbogbo Ramadan ló dá mi lóhùn. Nígbà tí Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti ihò Hira dé tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ọ̀dọ̀ Nana Khadijah ló lọ. Nana daṣọ bò ó, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n fi í lọ́kàn balẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un lọ bá Waraqa, ìbátan wọn tó mọ ìwé. N kò fi ìṣòro mi wé ìmísí. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó súnmọ́ni ló kọ́kọ́ gbọ́, ó sì mọ ibi tí agbára òun mọ.

Sùúrù kì í ṣe ìdákẹ́. Ànábì Yaqub sunkún Yusuf títí ojú rẹ̀ fi funfun, síbẹ̀ òun la fi ń ṣe àpẹẹrẹ onísùúrù. Nígbà mìíràn tí a bá sáré sọ fún èèyàn pé "ṣe sùúrù", ara tiwa la fẹ́ fi sinmi.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo lọ. Bàbá mi kò padà, ṣùgbọ́n mo ti ń sùn, mo sì ń ṣàdúà fún wọn láìjẹ́ pé àyà mi ń já.

Ní England níbí, ẹni tó ti pé ọdún 18, tó sì ní GP, lè fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún NHS Talking Therapies lọ́fẹ̀ẹ́, láìṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kò ní dá débẹ̀ bí ẹnì kan kò bá kọ́kọ́ bi wá. Níbi ìṣínu alẹ́ yìí, ta ló dákẹ́ jù nínú ilé yín? Ẹ bi í. Bó bá sì ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán kí ẹ tó ṣàdúà.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa. Àmín.