Ta Là Ń Tún Ṣe: Èèyàn Ni àbí Ibi Iṣẹ́?

Gbogbo wa la ti rí irú fọ́tò yìí rí. Wọ́n ta kánópì síwájú ọ́fíìsì ìjọba. Wọ́n to ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, ẹ̀rọ ìlọta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, pẹ̀lú èyí tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun. Kọmíṣánnà ń bọ obìnrin kan tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ lọ́wọ́, gbogbo wọn kọjú sí kámẹ́rà. Lábẹ́ fọ́tò náà, wọ́n á kọ iye àwọn àkàndá ẹ̀dá tí ìjọba ti ró lágbára lọ́dún yẹn. Ó parí. Àwa náà á tẹ láìkì, a ó sì kọjá lọ.

Mi ò sọ pé ẹ̀rọ yẹn ò dára. Ó dára. Ohun tí mò ń béèrè ni pé báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ètò náà yọrí sí rere? Òṣùwọ̀n wo la fẹ́ fi wọ̀n ọ́, ta ló sì yẹ kó di òṣùwọ̀n náà mú? Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn oníṣirò owó nìyẹn. Rárá o. Òṣùwọ̀n tí a bá fi wọn ọmọnìkejì wa máa ń fi hàn irú ẹni tí a kà á sí.

Ẹ jẹ́ ká pe irú ètò yìí ní ètò ìdánipadà sẹ́nu iṣẹ́. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, ìyẹn ILO, ṣe àdéhùn kan lórí rẹ̀ lọ́dún 1983. Àdéhùn nọ́ńbà 159 ni. Ohun mẹ́ta ni àdéhùn náà ní kí irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe fún èèyàn: kó rí iṣẹ́ tó bá a mu, kí iṣẹ́ náà má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì máa gòkè lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀hún. Ẹ padà wo fọ́tò yẹn. Kò sí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí fọ́tò lè fi hàn wá. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi hàn wá.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká ní ọkùnrin kan ti lo ọdún mẹ́wàá nídìí ẹ̀rọ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ike. Tó bá ti gbọ́ ìró ẹ̀rọ lásán, ó ti mọ ohun tó ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Òfin wà fún irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún (1%) àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan tí àjọ NSITF ń bójú tó. Inú àpò yìí ni owó ìtọ́jú àti owó gbà-má-bínú ti ń wá, òfin náà sì fàyè gbà á kí wọ́n ná nínú rẹ̀ láti dá ẹni tó fara pa padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ó dáa. Ká wá ní wọ́n mú ọkùnrin yìí lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọṣẹ ṣíṣe fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Nínú ìwé ìjọba, ó ti wà lára àwọn tí wọ́n dá padà. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Ọwọ́ nìkan ló gé. Etí tó fi ń mọ àìsàn ẹ̀rọ ṣì wà lórí rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ náà ṣì pé. Ó lè máa kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ tuntun. Ó lè máa yẹ ọjà tó ń jáde wò. Wọ́n lè gbé bọ́tìnnì ẹ̀rọ sí apá kejì kó máa fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó bi í. Ẹ̀rọ tó gé e lọ́wọ́ ṣì dúró bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Òun tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́ ni wọ́n ní kó lọ tún ara rẹ̀ ṣe.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. A máa ń pa òwe yìí láti fi sọ pé ká máa ran ara wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ míì tún wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa pe àgbàlagbà ní aláàbọ̀ ara torí pé ọwọ́ rẹ̀ ò wọ akèrègbè. A mọ̀ pé ẹnu akèrègbè ló kéré. A kì í sì í bá ọmọdé jà pé kó yára ga. A máa ń gbé àpótí fún un kó gùn ún, tàbí ká bá a sọ nǹkan náà kalẹ̀. Àárín ọwọ́ àti pẹpẹ ni ìṣòro yẹn wà. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé tí kẹ̀kẹ́ arọ ò bá lè gun àtẹ̀gùn báǹkì, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ la máa ń wò, tí a kì í wo àtẹ̀gùn?

Àwọn kan á ní: "Ẹ má ka ìwé ẹ̀rí mọ́ nígbà náà, iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kà. Ẹni tó bá ti ríṣẹ́, ètò ti ṣiṣẹ́ fún un nìyẹn." Ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ lóòótọ́. Àmọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ó sì yẹ ká gbọ́ ohun tí ojú wọn rí. Ọdún 1920 ni òfin tó gbé irú ètò yìí kalẹ̀ fún ará ìlú jáde níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí èèyàn bá ti lo àádọ́rùn-ún (90) ọjọ́ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n lè pa fáìlì rẹ̀ dé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yege. Ẹ fi ara yín sípò òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ pé iye fáìlì tó pa dé ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni méjì wọlé wá bá yín. Ọ̀kan ò nílò ju ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ lọ. Èkejì ò ríran, kò tún gbọ́ràn. Ta lẹ máa kọ́kọ́ dá lóhùn? Àwọn tó ń yẹ ètò náà wò ti ń ké gbàjarè tipẹ́ pé irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ ń mú kí òṣìṣẹ́ máa ṣa èyí tó rọrùn, kó fi èyí tó le sílẹ̀. Òfin wọn ti ọdún 1973 tiẹ̀ ní láti pa á láṣẹ pé àwọn tí àìlera wọn le jù ni kó máa síwájú. Nígbà tó di 2014, wọ́n yí òṣùwọ̀n padà. Wọ́n ní kí wọ́n máa wò ó bóyá èèyàn wà lẹ́nu iṣẹ́ ní nǹkan bí ìdajì ọdún àti nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn tó kúrò lábẹ́ ètò, kí wọ́n sì máa wo iye tó ń gbà.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun tí ẹ bá ń kà ni wọ́n á máa ṣe fún yín. Tí ẹ bá ń ka ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n á máa pín ẹ̀rọ ìránṣọ. Tí ẹ bá ń ka iṣẹ́, wọ́n á wá nǹkan kan tí wọ́n máa pè ní iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà yẹn kan náà, láti ọdún 1938 ni òfin ti fàyè gbà á kí agbanisíṣẹ́ tó bá gba ìwé àṣẹ máa san owó tó kéré sí èyí tí òfin fi lélẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́, tó bá jẹ́ pé àkàndá ẹ̀dá ló gbà síṣẹ́. Lórí ìwé, irú ẹni bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣé ẹ máa pe ìyẹn ní àṣeyọrí?

Ìtàn kan tún wà tó máa ń dà mí láàmú, ti Remploy ní Britain. Ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ ni ìjọba dá a sílẹ̀ kí àwọn àkàndá ẹ̀dá, títí kan àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun, lè ríbi ṣiṣẹ́. Ọdún 1946 ni wọ́n ṣí iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ ní Bridgend. Lọ́dún 2011, Liz Sayce kọ ìwé àbá kan fún ìjọba pé kí wọ́n yéé náwó sórí àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí, kí wọ́n fi owó náà ran èèyàn lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́ níbi tí gbogbo ayé ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọdún 2013 máa fi parí, wọ́n ti ti àwọn iléeṣẹ́ náà. Àbá yẹn mọ́gbọ́n dání. Kí ló dé tí a ó fi ya èèyàn sọ́tọ̀ bí adìẹ tó ń ṣàìsàn? Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ Remploy fúnra wọn bọ́ síta, wọ́n fẹ̀hónú hàn. Ibẹ̀ ni owó wọn ti ń wá, ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ wọn wà. Lójú tèmi, ìlànà náà dára, àmọ́ kò yẹ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn kan kí wọ́n tó rí i pé èkejì ti ṣí gbayawu. Ìlànà tó dára pàápàá lè ṣèkà tó bá kọtí ikún sí ẹni tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì máa sọ báyìí: "Àwọn tí ara wọn pé gan-an ò ríṣẹ́ ní Nàìjíríà, ẹ tún ń sọ̀rọ̀ ìlànà. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan sàn ju kéèyàn máa ṣagbe lábẹ́ bíríìjì lọ." Mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn. Ẹni tí ebi ń pa ò lè dúró de àròjinlẹ̀ wa. Ẹni tó wù ú kó ránṣọ, tó rí ẹ̀rọ gbà, tó sì níbi tó máa gbé e sí, inú ẹ̀ á dùn, ó sì yẹ kó dùn. Àmọ́ èsì méjì ni mo ní. Èkíní, kéèyàn béèrè ọ̀rọ̀ ò náni lówó. Kí wọ́n tó ra ogún ẹ̀rọ, kí wọ́n bi ogún èèyàn pé: Kí lẹ mọ̀ ọ́n ṣe? Níbo lẹ fẹ́ ti ṣe é? Kí ló ń dí yín lọ́wọ́? Ẹnì kan á ní ẹ̀rọ kọ́ ni wàhálà òun, ọkọ̀ tó máa gbé òun débi iṣẹ́ ni, torí danfo kì í fẹ́ dúró gbé oníkẹ̀kẹ́ arọ. Ẹlòmíì á ní kọ̀ǹpútà tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè fún afọ́jú ló kù fún òun. Ẹ̀rọ tí wọ́n fún ẹni tí kò fẹ́ ẹ, tó tà á lọ́sẹ̀ kejì, òun gan-an ni ìnákúnàá.

Èkejì, bí iṣẹ́ bá ṣe wọ́n tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí òdodo wà nínú bí a ṣe ń pín in tó. Òfin tiẹ̀ ti wà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó ka ṣíṣe ẹ̀tanú sí àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀. Ó ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba sa gbogbo ipá wọn kí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún (5%) àwọn òṣìṣẹ́ wọn, ó kéré tán, jẹ́ àkàndá ẹ̀dá. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún márùn-ún kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà tí àkàndá ẹ̀dá lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún yẹn pé ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin tirẹ̀ ṣáájú, lọ́dún 2011. Ẹ lọ wo ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ wo báǹkì yín àti ilé ẹ̀kọ́ yín, kẹ́ ẹ ka àtẹ̀gùn. Ìyẹn náà wà lára àyẹ̀wò ètò ìdánipadà sẹ́nu iṣẹ́. Ìjọba tó kọ́ arọ ní iṣẹ́ akọ̀wé, tó wá fi ọ́fíìsì akọ̀wé sí òkè kẹta láìsí ẹ̀rọ agbéniròkè, ta ló dá padà sẹ́nu iṣẹ́?

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni òòṣà là ń pe abuké, afín àti arọ. Ìtàn sọ pé Ọbàtálá tó ń mọ èèyàn mu ẹmu yó lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ ò sì gún mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùsìn rẹ̀ kì í fi í mu ẹmu títí dòní. Yálà ẹ gba ìtàn yìí gbọ́ o, ẹ ò gbà á gbọ́ o, ẹ wo ibi tó gbé ẹ̀bi sí. Kò ní kí arọ lọ tún ara rẹ̀ mọ. Ẹni tó mọ nǹkan ló yí ìwà padà, òun àti gbogbo ilé rẹ̀. Àwọn tó ya àwòrán ilé alátẹ̀gùn, àwọn tó to ẹ̀rọ sí iléeṣẹ́ ike, àwọn tó ń kọ ìpolówó iṣẹ́ pé "ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá" nìkan ni kó wá, àwọn ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.

Ṣùgbọ́n àwa ti sọ ọ̀rọ̀ ẹni òòṣà di ọ̀rọ̀ àánú nìkan. Wàhálà tó wà nínú àánú rè é: ẹni tí a ṣàánú fún ò gbọdọ̀ ráhùn. Ó ní láti rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Tó bá ní ẹ̀rọ yẹn ò wúlò fún òun, wọ́n á ní aláìmoore ni. Ẹ̀tọ́ yàtọ̀ síyẹn. Ẹni tí nǹkan jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò, ó lè sọ pé kò tó, ó lè sọ pé kì í ṣe èyí. Láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ẹni tí wọ́n ń ṣètò fún lẹ́tọ̀ọ́ láti yan irú iṣẹ́ tó ń lépa àti ìrànlọ́wọ́ tó máa gbé e débẹ̀, kó sì fọwọ́ sí ìwé ètò náà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ká yá lọ́wọ́ wọn nìyẹn, àní ṣáájú owó wọn.

Nítorí náà, tí wọ́n bá bi mí báwo ló ṣe yẹ ká wọn irú ètò yìí, mo máa ní kí wọ́n fi ọdún kan sílẹ̀ lẹ́yìn ayẹyẹ, kí wọ́n wá padà lọ bá àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Kí wọ́n bi wọ́n bóyá àwọn ló yan iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, iye tó ń wọlé fún wọn lóṣù, àti ohun tó ti yí padà níbi iṣẹ́ látìgbà tí wọ́n ti dé ibẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àwọn nìkan ni wọ́n yí padà, tí ohunkóhun ò yí padà níbi iṣẹ́, ètò náà ò tíì parí. Kí àwọn àkàndá ẹ̀dá fúnra wọn wà lára àwọn tó máa béèrè ìbéèrè yẹn, kí wọ́n sì wà lára àwọn tó máa kọ ìdáhùn sílẹ̀.