Ọmọlúàbí àti Àlejò Tó Ń Wá Yàrá l'Ékòó

Ẹni tó bá wọ Èkó tòun ti owó táṣẹ́rẹ́, kí ó tó wáṣẹ́, yàrá ni yóò kọ́kọ́ wá. Ó lè sùn sọ́dọ̀ ẹbí fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ẹbí kì í pẹ́ yí padà, pàápàá níbi tí bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin bá ti jọ ń sun yàrá kan. Nítorí pé kò mọ onílé kankan, ọ̀dọ̀ éjẹ́ǹtì ni yóò gbà lọ. Éjẹ́ǹtì yóò mú un yí ká Àgégé, Ìyànà-Ìpájà tàbí Ìkòròdú, yóò fi yàrá kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ hàn án, yóò sì ka owó sí i létí: owó fọ́ọ̀mù, owó ilé, kọmíṣọ̀n, àgírímẹ́ǹtì, owó kọ́ṣọ̀n.

Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ka á léèwọ̀ fún onílé tàbí aṣojú rẹ̀ láti gba owó tó ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ni ìjìyà rẹ̀, ọwọ́ ayálégbé tó bá san án pàápàá kò sì mọ́ lójú òfin. Àpápá, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island kò sí lábẹ́ òfin náà. Ó hàn gbangba pé mẹ̀kúnnù ni wọ́n rò tí wọ́n fi ṣe é. Síbẹ̀, owó ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù ṣì ń san.

Ọ̀rọ̀ sísọ, ìtẹríba, inú rere, òtítọ́, akínkanjú, iṣẹ́ ṣíṣe: àwọn ni àwọn àgbà fi ń mọ ọmọlúàbí. Ohun tó ń bí ènìyàn nínú ni pé éjẹ́ǹtì tó ń rẹ́ àlejò jẹ ní púpọ̀ nínú àwọn ìwà wọ̀nyí. Ní àdúgbò kan lẹ́bàá Ìyànà-Ìpájà, éjẹ́ǹtì kan gba owó yàrá kan ṣoṣo lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́rin. Ọ̀dọ́mọkùnrin wẹ́dà kan tó ti Ṣakí wá, tó ta ọ̀kadà rẹ̀ kó lè rí owó náà san, wà lára wọn. Ọjọ́ kan náà ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó ẹrù dé ẹnu ọ̀nà. Fóònù éjẹ́ǹtì ò lọ mọ́. Ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí ìyá onílé láràárọ̀, tí ọ̀rọ̀ dídùn kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, tí kì í ṣe ọ̀lẹ rárá! Àwọn tó dúró wòran sì tún burú ju olè náà lọ. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. "Káàbọ̀ sí Èkó," ni wọ́n ń wí. Bàbá kan tó ti tó ẹni tí ń parí ìjà ní owó ẹ̀kọ́ ni ọmọ Ṣakí san, pé ojú rẹ̀ á là.

Ibí yìí gan-an ni òtítọ́ ti yàtọ̀ sí àwọn ìwà ọmọlúàbí yòókù. Ará àdúgbò ń rí ìdọ̀bálẹ̀, wọ́n ń rí iṣẹ́ ṣíṣe, wọ́n sì ń yin ẹni tó ń ṣe é. Òtítọ́ tí a bá sọ fún ará ilé pàápàá, ẹ̀rù ló lè fà á, nítorí ará ilé mọ ilé bàbá ẹni. Ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran. Kò sí ohun tó lè dá ọwọ́ éjẹ́ǹtì dúró lórí owó àlejò àfi ìwà éjẹ́ǹtì náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá purọ́ fún àlejò, ojú ayé ni gbogbo ìtẹríba tó ń ṣe láàárín ìlú. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké; owó ọ̀kadà ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fi ra ti Ìyànà-Ìpájà yìí.

Àwọn kan á ní ìyà ń jẹ éjẹ́ǹtì. Inú oòrùn ló ń rìn, onílé kì í fẹ́ yọ kọ́bọ̀, ẹlòmíràn á sì wo ilé títí láìgba ọ̀kan. Ó dáa, a gbọ́. Àwọn ayálégbé kan náà ń parọ́ iṣẹ́ àti ìyàwó tí wọn kò ní. Ṣùgbọ́n ìyà kò sọ yàrá kan di mẹ́rin.

Àwáwí tó kù ni pé Èkó ló rí bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ní nǹkan bí 1839, àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí Sierra Leone, bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé. Wọ́n kó àwọn kan tó gúnlẹ̀ sí Èkó lẹ́rù lọ. Àwọn mìíràn gba Àgbádárìgì wọlé, wọ́n dé Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́, olórí ìlú náà, sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Abẹ́òkúta ìgbà náà kì í ṣe ìlú olówó: àwọn tí ogun lé kúrò nílé ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1830. Àlejò ló ń gba àlejò; Èkó náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Òfin Ayálégbé 2011 kan náà pa á láṣẹ pé kí onílé fún ayálégbé ní rìsíìtì owó tó bá san. Kí ẹni tó ń bọ̀ l'Ékòó rí onílé sójú kí ó tó yọwó. Ẹ̀yin àgbà àdúgbò tí ẹ mọ ilé éjẹ́ǹtì, ẹ dẹ́kun ẹ̀rín, kí ẹ sì júwe ilé náà fún ọlọ́pàá.