Ààlà Tí Ọlọ́hun Pa fún Ẹ̀dá

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Olúwa gbogbo ẹ̀dá, Ẹni tí Ó pín arísìkí fún oníkálukú. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a gba ara wa àti ẹ̀yin ní ìmọ̀ràn pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Nínú Súrà Al-An'ām, aaya 38, Ọlọ́hun fi yé wa pé ìjọ bí tiwa ni àwọn ẹranko. Ẹ jẹ́ kí a wo ìjọ kan nínú wọn. Ní Taraba àti Adamawa, lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù, ni igbó ọba Gashaka-Gumti wà, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991. Inú rẹ̀ ni Chappal Waddi wà, òkè tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà, tí ó ju 2,400 mítà lọ.

Àmọ̀tẹ́kùn ń gbé inú igbó orí òkè yẹn. Ẹtà ń gbé ibẹ̀. Ológbò igbó tí ó tóbi ju ti ilé lọ náà ń gbé ibẹ̀. Gbogbo wọn ni ó ní eyín àti èékánná. Báwo ni igbó kan ṣe gbà wọ́n? Àmọ̀tẹ́kùn ń lé ẹtu àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó. Ológbò igbó ń dọdẹ eku àti ẹran kéékèèké. Ẹtà ń jẹ kòkòrò, eku àti èso igi. A sùn lọ́sàn-án, a jáde lóru. Àmọ̀tẹ́kùn a fi èékánná ha ara igi, ẹtà a fi òórùn ara rẹ̀ sàmì sí ọ̀nà, kí ẹni tí ń bọ̀ lè mọ̀ kí ó sì yà. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Bí àmọ̀tẹ́kùn bá ká ẹtà mọ́, ó lè pa á jẹ. Ṣùgbọ́n ẹranko tí ó bá farapa nínú ìjà kò ní lè dọdẹ mọ́; ebi ni yóò pa á. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yẹra fún ara wọn.

Ẹ̀yin ará, àwa ńkọ́? Ní èbúté Àpápá, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ òru. Ní Ajégúnlẹ̀, Yorùbá, Ìjọ́, Urhobo, Ìgbò àti Hausa jọ ń gbé inú ilé kan, wọ́n jọ ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan. Ọlọ́hun ti pín in. Síbẹ̀, láìpẹ́ yìí ni a parí ìjà láàrin àwọn oníṣòwò méjì. Ilẹ̀ iwájú ìsọ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ọ̀kan kò tíì ṣiṣẹ́ títí di òní; kò lè ta ọjà. Èkejì, tí ó sọ pé òun borí, ti ná owó ọjà rẹ̀ tán sí ilé ìwòsàn. Mùsùlùmí ni àwọn méjèèjì. Ọjà wa ń jẹ́ Boundary, a kò sì mọ ààlà!

Ànábì wa búra lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ kò rí ààbò lọ́wọ́ ibi rẹ̀, ó sì yọ ọ́ kúrò láàrin àwọn onígbàgbọ́. Kò ya aládùúgbò tí kì í ṣe Mùsùlùmí sọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹni tí tábìlì rẹ̀ ti wọ ààyè ẹlòmíràn, kí ó fà á sẹ́yìn kí oòrùn òní tó wọ̀. Ẹni tí ó bá aládùúgbò rẹ̀ yodì, kí ó lọ kí i lónìí. Ẹranko kò ka Àlùkùránì, ó mọ ibi tí ó yẹ kí ó yà. Àwa tí a ń kà á ni a ó bi léèrè ní Ọjọ́ Àjíǹde.

Ọlọ́hun, jẹ́ kí ohun tí O pín fún wa tó wa, má jẹ́ kí ọwọ́ wa wọ ti ẹlòmíràn. Fi àlàáfíà sí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀. Àmín.