Àsọtẹ́lẹ̀ Lọ́wọ́ Hẹ́rọ́dù

Ẹ̀kọ́ kíkà: Mátíù 2:1-18, 1 Sámúẹ́lì 18:1-9, 2 Ọba 11:1-3

 

Ní gbogbo ìgbà tí Kérésìmesì bá dé ni a máa ń ka ìtàn àwọn amòye tí wọ́n wá láti ìlà-oòrùn. Ibi wúrà, tùràrí àti òjíá ni a máa ń dúró sí. Àwọn ọmọdé a fi páálí ṣe adé, gbogbo ìjọ a sì pàtẹ́wọ́. Ibi tí Hẹ́rọ́dù wà nínú ìtàn náà, sáré ni à ń sá kọjá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì: Hẹ́rọ́dù jẹ́ ọba búburú, ó pa àwọn ọmọ ọwọ́, ó parí. Ìgbà tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni mo tó jókòó ti orí kejì yẹn dáadáa, mo sì rí ohun kan níbẹ̀ tí ó bà mí lẹ́rù.

Nínú gbogbo àwọn tí ó wà ní Jerúsálẹ́mù lọ́jọ́ náà, Hẹ́rọ́dù ni ó gba àsọtẹ́lẹ̀ náà gbọ́ jùlọ.

Ẹ wò ó. Ó pe àwọn olórí àlùfáà àti àwọn akọ̀wé, ó bi wọ́n léèrè ibi tí a ó ti bí Kristi. Ìdáhùn ti wà lẹ́nu wọn. Wọ́n ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni, wọ́n sì tọ́ka sí ìwé wòlíì Míkà (Míkà 5:2). Bí ó bá jẹ́ ìdánwò ni, gbogbo máàkì ni n bá fún wọn. Ṣùgbọ́n láti Jerúsálẹ́mù dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù kò ju nǹkan bí kìlómítà 9 lọ, ìrìn tí obìnrin lè rìn lọ́jọ́ ọjà, kí ó tajà, kí ó sì padà dé kí oòrùn tó wọ̀. A kò kà á níbì kankan pé ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà náà dìde lọ wò. Wọ́n ka ẹsẹ̀ Bíbélì tán, wọ́n bá tiwọn lọ. Hẹ́rọ́dù ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Ó ní ìdí. Orí oyè tí ó wà, kì í ṣe ti bàbá rẹ̀. Ará Ìdúméà ni ìdílé rẹ̀, àwọn ará Róòmù ni wọ́n sì fi orúkọ ọba àwọn Júù dá a lọ́lá ní ọdún 40 ṣáájú ìbí Kristi. Láti ìgbà náà ni ó ti ń ṣọ́ àga. Ó pa Mariamne ìyàwó rẹ̀, ó pa Alexander àti Aristobulus tí obìnrin náà bí fún un, ó sì tún pa Antipater ọmọ rẹ̀ mìíràn nígbà tí ikú òun alára ti dé ẹnu ọ̀nà. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni ó gbọ́ pé a ti bí ọba kan.

Ọgbọ́n tí ó wá dá ni kí a fara balẹ̀ wò. Ó gba orúkọ ìlú lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé. Ó pe àwọn amòye sí ìkọ̀kọ̀, ó gba àkókò tí ìràwọ̀ farahàn lọ́wọ́ wọn. Ó ti ní ibi tí ọmọ náà wà, ó ti ní ọjọ́ orí rẹ̀. Ojú ọmọ náà nìkan ni ó kù tí kò mọ̀. Nítorí náà ni ó ṣe pa gbogbo ọmọkùnrin tí ó tó ọdún méjì àti àwọn tí kò tó bẹ́ẹ̀ ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù àti agbègbè rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, bẹ́ẹ̀ ni àsọtẹ́lẹ̀ ṣe máa ń rí bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ń ṣọ́ àga: a di àmì ẹsẹ̀ ẹran lọ́nà oko, tí ọdẹ ń tẹ̀ lé pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ Míkà, òtítọ́ ni. Ọlọ́run ni ó sọ ọ́. Síbẹ̀, òun náà ni ó júwe ọ̀nà fún àwọn ọmọ-ogun.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan tí mo ti bi ara mi. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá, ta ni yóò dá a dúró? Bí kò bá sì ti ọ̀dọ̀ Rẹ̀ wá, kí ni a ń pa ọmọ ọlọ́mọ sí? Ohun tí Gàmálíẹ́lì sọ fún àwọn ìgbìmọ̀ nìyẹn nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí karùn-ún. Hẹ́rọ́dù gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi bẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba Ẹni tí ó sọ ọ́ gbọ́.

Kì í ṣe òun nìkan. Nípa Fáráò, Bíbélì kò sọ pé ẹnikẹ́ni sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún un; pípọ̀ tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń pọ̀ sí i ni ó bà á lẹ́rù. Josephus, òpìtàn àwọn Júù, ni ó kọ ọ́ pé akọ̀wé mímọ́ kan ní Íjíbítì ti sọ fún ọba pé a ó bí ọmọ kan láàárín àwọn Hébérù tí yóò rẹ ìjọba rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn arákùnrin Jósẹ́fù náà gbọ́ àlá rẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò wo ibi tí àlá náà yóò já sí, wọ́n sì tà á. Títà tí wọ́n tà á ni ó gbé e dé ibi tí wọ́n ti wólẹ̀ fún un.

Láàárín àwa aláwọ̀ dúdú náà, ìtàn bẹ́ẹ̀ kò wọ́n wa. Àwọn akéwì ní Mali ti ń sọ ìtàn Sundiata láti ìrandíran, D. T. Niane sì tẹ ọ̀kan nínú rẹ̀ jáde ní 1960. Ọdẹ kan tí ó mọ iṣẹ́ awo sọ fún ọba pé obìnrin kan tí kò lẹ́wà, tí iké wà lẹ́yìn rẹ̀, ni yóò bí ọmọ tí yóò sọ Mali di ńlá. Sogolon ni obìnrin náà. Ìyáálé rẹ̀, Sassouma Bérété, ní ọmọkùnrin tirẹ̀ tí ó fẹ́ kí ó jọba. Ọmọ Sogolon pé ọdún méje kò tíì rìn, inú ìyáálé ń dùn. Ní ọjọ́ kan Sogolon lọ tọrọ ewé igi oṣè tí yóò fi se ọbẹ̀. Ìyáálé fi ọmọ arọ ṣe yẹ̀yẹ́ fún un, ó ní ọmọ tòun ti ń já ewé fún òun. (Ẹni tí ó bá ti gbé ilé olórogún rí kò nílò àlàyé.) Ẹkún tí Sogolon sun lọ́jọ́ yẹn ni ó mú kí ọmọ náà fi ọ̀pá irin dìde. Ìgbà tí ó rìn tán ni Sassouma wá ọ̀nà àtipa á, tí ó sì lé ìyá àti ọmọ jáde ní ìlú. Ní nǹkan bí 1235 ni Sundiata ṣẹ́gun ní Kirina, tí ó sì di ọba lórí gbogbo wọn.

Bákan náà ni Ola Rotimi fi ìtàn àwọn ará Gíríìsì ṣe eré tiwa, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968. Babaláwo sọ pé ọmọ yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fẹ́ ìyá rẹ̀. Àwọn òbí náà ní kí a lọ gbé e jù sínú igbó. Jíjù tí wọ́n jù ú ni kò jẹ́ kí ó mọ bàbá rẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo mọ̀ pé àwọn kan kò fẹ́ kí a dárúkọ babaláwo nínú ìwé ìròyìn ìjọ, ẹ má bínú. Ìwà ọmọ ènìyàn ni mo ń wò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sínú Bíbélì. Sámúẹ́lì ti sọ fún Sọ́ọ̀lù pé Ọlọ́run ti gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, pé ẹni tí ó sàn jù ú lọ ni Ó fi fún. Kò dárúkọ. Láti ọjọ́ náà ni ojú Sọ́ọ̀lù ti ń wá ẹni náà kiri, títí orin àwọn obìnrin fi tọ́ka sí Dáfídì fún un. Àwa obìnrin ni o! Orin lásán ni wọ́n rò pé àwọn ń kọ. Ṣùgbọ́n Jónátánì ọmọ Sọ́ọ̀lù náà mọ ohun tí ń bọ̀. Òun gan-an ni yóò pàdánù oyè ju bàbá rẹ̀ lọ, nítorí òun ni àrólé. Ó bọ́ aṣọ ìgúnwà rẹ̀ fún Dáfídì, ó fi idà àti ọrun rẹ̀ kún un, nígbà tí ó sì yá ó lọ bá a nínú igbó, ó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé Dáfídì ni yóò jọba (1 Sámúẹ́lì 23:17). Ọ̀rọ̀ kan náà ni bàbá àti ọmọ mọ̀. Ọ̀kan mú ọ̀kọ̀, èkejì bọ́ aṣọ.

Ẹ sì kíyèsí àwọn tí Ọlọ́run máa ń lò láti gbé ọmọ pamọ́. Ṣífúrà àti Púà, agbẹ̀bí. Jókébédì tí ó fi ọ̀dà kun apẹ̀rẹ̀. Míríámù tí ó dúró lókèèrè. Ọmọbìnrin Fáráò alára. Míkálì tí ó sọ ọkọ rẹ̀ kalẹ̀ lójú fèrèsé. Nígbà tí Ataláyà ń pa ìdílé ọba run, Jéhóṣébà ni ó jí Jóáṣì ọmọ ọwọ́ gbé, ọmọ náà sì wà nínú tẹ́ḿpìlì fún ọdún mẹ́fà. Ẹ má gbàgbé pé obìnrin ni Ataláyà náà, ìyá-ìyá ọmọ... rárá, ìyá bàbá ọmọ náà ni. Ọmọ-ọmọ ara rẹ̀ ni ó ń wá kiri láti pa.

Nínú Mẹ́tọ́díìsì tiwa, a mọ̀ pé John Wesley kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà tí iná jó ilé wọn ní Epworth ní 1709, ojú fèrèsé ni wọ́n ti fà á yọ. Susanna ìyá rẹ̀ gbà lọ́kàn rẹ̀ pé Ọlọ́run dá ọmọ yìí sí nítorí ohun kan, ó sì pinnu láti túbọ̀ ṣọ́ ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìrọ̀lẹ́ tí ó yà sọ́tọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láti bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ti John. Àwọn ìyókù náà ní ọjọ́ tiwọn.

Kí ni ó kàn wá ní Ọ̀rẹ̀ àti Odigbo nínú gbogbo èyí? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Pátákó àwọn aríran kò lóǹkà lójú ọ̀nà wa. Ní Akwa Ibom, ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní wòlíì mú kí àwọn òbí lé ọmọ bíbí inú wọn sí ìgboro pé àjẹ́ ni wọ́n, títí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi ṣe òfin ní 2008 pé ẹni tí ó bá pe ọmọdé ní àjẹ́ yóò ṣẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a wo Akwa Ibom nìkan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ti fún mi láyè kí n tó kọ ọ́.

Ní 1994, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí ó ti di olóògbé ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ó wà ní ìwé kẹfà. Ní ọjọ́ kan mo bá ọ̀rẹ́ mi lọ sí ilé àdúrà kan. Aríran ibẹ̀ ní òun rí ìràwọ̀ lórí ọmọ kan nínú ilé mi. Inú mi dùn, mo ní ọmọkùnrin mi àkọ́bí ni. Ó ní rárá, obìnrin ni, kì í ṣe èmi ni mo bí i, yóò sì ga ju gbogbo ọmọ ilé náà lọ. Ẹ kíyèsí i, kò pè é ní àjẹ́. Ohun rere ni ó sọ.

N kò na ọmọ náà. N kò fi ebi pa á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tó àkókò láti ra fọ́ọ̀mù ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì, mo ní kò sí owó. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni mo ra bàtà tuntun fún ọmọ tèmi. Mo gba àwọn ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní àbúrò rẹ̀ yóò lò wọ́n. Lẹ́yìn náà mo sọ fún ọkọ mi pé ìyá wọn ní abúlé ti ń darúgbó, kò sí ẹni tí yóò máa pọn omi fún un. Ó ní èmi ni mo ní àánú jùlọ láàárín àwọn ìyàwó ilé. Ẹ rántí pé Hẹ́rọ́dù náà sọ fún àwọn amòye pé òun fẹ́ lọ wólẹ̀ fún ọmọ náà ni.

Ìyá àgbà yẹn kò mọ̀wé. Epo pupa ni ó ń tà. Ó gbé ọmọ náà pamọ́ fún mi láì mọ̀ pé èmi ni ó ń gbé e pamọ́ fún: ọdún kan péré ni ó fi ṣe epo, ó fi owó rẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ náà sì kàwé títí ó fi parí sẹ́kọ́ńdìrì. Lónìí aránṣọ ni ní Ọ̀rẹ̀ yìí, ó ní ọmọṣẹ́, ó ní ọkọ àti ọmọ mẹ́ta. Àwọn ọmọ tèmi náà wà dáadáa. Bí ẹ bá ní kí n sọ ẹni tí ó ga ju ẹnì kejì lọ nínú wọn, n kò mọ òṣùwọ̀n tí n ó fi wọ̀n ọ́n. Àga tí mo ń ṣọ́ lọ́jọ́ náà, n kò tíì rí i títí di òní.

Ní oṣù Lẹ́ńtì tí ó kọjá ni mo tó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ọ̀rọ̀ aríran títí dé orí bàtà. Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ lọ ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Ó dá a dúró. Ó ní, "Màmá, ọjọ́ tí ẹ gba àwọn ìwé yẹn lọ́wọ́ mi ni mo ti mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ kí n lọ. Ohun tí mo ṣe yín ni n kò mọ̀. Mo ti ń bi ara mi láti ìgbà náà."

Mo ní kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó dàbí ẹni pé kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ó rán ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan pé kí ó lọ ra ohun mímu wá fún mi.