Ta Ni Ó Wọn Èémí fún Ọmọ Ènìyàn?

Ohun kan wà tí onígbàgbọ́, mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ kì í bá ara wọn jiyàn lé lórí, òun náà ni pé èémí tí ń wọlé tí ń jáde ní ihò imú ènìyàn kì í ṣe ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì sọ pé ihò imú Ádámù ni Ọlọ́run mí èémí ìyè sí. Kùránì sọ pé Ọlọ́run fẹ́ nínú ẹ̀mí Rẹ̀ sínú ẹni tí Ó fi amọ̀ dá. Àwọn baba wa sì ní, bí Ọbàtálá, Alámọ̀ rere, bá ti mọ orí, tí ó mọ ọwọ́, tí ó mọ ẹsẹ̀ tán, ibẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀ parí sí, nítorí pé Olódùmarè, Ẹlẹ́mìí, Ọba àìkú, nìkan ni ó lè mú kí amọ̀ náà mí. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan wà nílẹ̀ tí àwọn àgbà wa kò bi ara wọn, kì í ṣe pé ọgbọ́n wọn kò tó o, bí kò ṣe pé ohun tí yóò fà á kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn: bí èémí bá jẹ́ ẹ̀bùn, tí Olùfúnni sì ti wọ̀n ọ́n, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí a fún tún bù kún un?

Wíwọ̀n ni a wọ̀n ọ́n ní tòótọ́. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 21 péré ni ọ́síjìn tí ara ń lò. Nǹkan bí 78 jẹ́ náítírójìn, tí ó kàn ń wọlé tí ó ń jáde lásán. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ ya ọ́síjìn sọ́tọ̀ ni Joseph Priestley, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó fi dígí kó ìtànṣán oòrùn jọ sórí ìyẹ̀fun pupa kan tí a ti ara mákúrì ṣe ní oṣù Kẹjọ ọdún 1774, tí afẹ́fẹ́ kan sì jáde níbẹ̀ tí ó mú kí iná àbẹ́là tàn yòò. Ó fi èkúté sínú rẹ̀, èkúté náà pẹ́ láyé ju bí ó ti yẹ lọ; òun fúnra rẹ̀ mí in, ó sì ní àyà òun fúyẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹlòmíràn ìbá ti gbé e lọ sọ́jà. Priestley rò ó pé ó lè jẹ́ oògùn fún ẹ̀dọ̀fóró tí ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn oníwàásù tún gún un ní kẹ́ṣẹ́: bí àbẹ́là bá ń tètè jó tán nínú afẹ́fẹ́ yìí, ǹjẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ dá kò ní tètè ná ọjọ́ ayé rẹ̀ tán nínú rẹ̀ bákan náà? Ó tilẹ̀ ronú pé olùkọ́ ìwà rere lè sọ pé afẹ́fẹ́ tí a fi fún wa dára tó bí ó ti tọ́ sí wa. Iyèméjì rẹ̀ yìí wù mí ju ọ̀pọ̀ ìdánilójú tí àwọn mìíràn ti sọ lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Kí a tó dá a lóhùn, ó yẹ kí a mọ ọ̀nà tí ọ́síjìn ń gbà nínú ara. Bí ó bá ti gba ẹ̀dọ̀fóró wọlé, àwọn hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ ni í gbé e, bí alárù tí ń ru ẹrù láti ibùdókọ̀ dé ìsọ̀ gbogbo nínú ọjà. Àwọn alárù wọ̀nyí kò sì ya ọ̀lẹ, nítorí pé nínú ẹrù 100 tí wọ́n lè rù, nǹkan bí 97 ti wà lórí wọn kí ẹni tí ara rẹ̀ dá tó dìde lórí ẹní, bẹ́ẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ lásán ni ó ń mí. Bí a tilẹ̀ fi ọ́síjìn bò ó nímú láti òwúrọ̀ dalẹ́, díẹ̀ kíún ni wọ́n tún lè rù. Ṣùgbọ́n omi inú ẹ̀jẹ̀ pàápàá ń gbé ọ́síjìn díẹ̀ tí ó yọ́ sínú rẹ̀, ìwọ̀nba 0.3 mílílítà nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀. Níbí ni òfin tí William Henry fi hàn ní 1803 ti wúlò, pé bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń tẹ omi tó ni yóò ṣe yọ́ sínú omi náà tó. Bí a bá gbé aláìsàn sínú yàrá irin tí a sé gbọningbọnin, tí a fún afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ títí ìtẹ̀ ibẹ̀ fi di ìlọ́po 3 ti orí ilẹ̀, tí aláìsàn náà sì ń mí ọ́síjìn tí kò ní àdàlù, ohun tí omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gbé yóò kúrò ní 0.3, yóò di nǹkan bí 6. Ara tí ó sì wà ní ìsinmi kì í sábà gbà ju 5 tàbí 6 lọ lọ́wọ́ 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀ tí ó bá ń kọjá. Ìtọ́jú tí àwọn oníṣègùn ń pè ní hyperbaric nìyẹn: omi lásán, láìsí alárù kankan, ń bọ́ ara fún ìgbà díẹ̀.

Ní 1960 ni Ite Boerema, oníṣẹ́ abẹ ní Amsterdam, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìròyìn iṣẹ́ wọn jáde, tí wọ́n sì pe àkọlé rẹ̀ ní ìyè láìsí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n kó àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ wọ inú yàrá ńlá bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n ń fi omi mìíràn rọ́pò rẹ̀, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku hóró pupa kan mọ́ nínú iṣan wọn. Ọkàn wọn kò sì yé lù. Nígbà tí wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ padà fún wọn, wọ́n dìde. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé Léfítíkù, níbi tí a ti sọ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ìyè ẹran ara wà, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ nìkan. Nítorí ìwé yẹn kan náà ni Ẹlẹ́rìí Jèhófà fi ń kọ ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn, àní bí ẹ̀mí rẹ̀ bá ń bọ́ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn àìsàn tí àwọn oníṣègùn sì gbà pé yàrá yìí tọ́ sí ni àìtó ẹ̀jẹ̀ tó le, nígbà tí ẹ̀sìn aláìsàn kò bá jẹ́ kí a fún un ní ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ń gbé e wọlé, wọ́n ń gbé e jáde, títí ara rẹ̀ yóò fi ṣe ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń bu ẹnu àtẹ́ lu irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀, n kò sì ní dá sí i. Ohun tí mo rí ni pé ìmọ̀ tí wọ́n ní ó ń bá ìgbàgbọ́ jà ni ó wá di ibi ìsádi onígbàgbọ́.

Àwa ní Nàìjíríà ní ìdí tiwa láti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà mélòó ni a kì í gbọ́ pé tọkọtaya àtọmọ sùn, tí wọn kò jí, nítorí pé wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí olè má baà gbé e? Kábọ́ònù mónóksáídì inú èéfín náà kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ hóró pupa ní ìlọ́po tí ó ju 200 lọ ju bí ọ́síjìn ti ń ṣe. Alárù ti kún, ṣùgbọ́n ẹrù ikú ni. Bí ẹni náà bá ń mí afẹ́fẹ́ lásán, yóò tó nǹkan bí wákàtí 5 kí ìdajì oró náà tó jáde. Bí ó bá ń mí ọ́síjìn gidi, bíi wákàtí kan ààbọ̀. Nínú yàrá onílọ̀ọ́po 3, nǹkan bí ìṣẹ́jú 23. John Haldane ti fi èkúté dán èyí wò ní 1895, nígbà tí ó fi wọ́n sínú oró náà pẹ̀lú ọ́síjìn tí a tẹ̀, tí wọn kò sì kú. Ibi tí yàrá náà wà ni ó jìnnà sí ẹni tí jẹnẹrétọ̀ ń pa.

Ìtàn Harrison Okene kò ṣe é fò. Alásè ni nínú ọkọ̀ Jascon-4 tí ó dojú dé létí òkun ìpínlẹ̀ Delta ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, tí ó sì rì sí ìsàlẹ̀ omi tó bíi mítà 30. Ó rí àlàfo afẹ́fẹ́ kékeré kan nínú ọkọ̀ náà, ó sì wà níbẹ̀ nínú òkùnkùn àti òtútù fún nǹkan bí wákàtí 60, tí ó ń ké pe Ọlọ́run. Àwọn òmùwẹ̀ tí ó wá kó òkú rí ọwọ́ kan nínú omi. Ọ̀kan nínú wọn di ọwọ́ náà mú, ọwọ́ náà sì di tirẹ̀ mú. Ibẹ̀ ni oníwàásù máa ń dé tí ìjọ yóò fi pariwo Halelúyà, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fà á jáde ní kánmọ́kánmọ́ lọ́wọ́ kan náà, ìbá kú lójú wọn, nítorí pé ìlọ́po 4 ìtẹ̀ orí ilẹ̀ ti ti náítírójìn wọ gbogbo ẹran ara rẹ̀, tí yóò sì hó bí ọṣẹ nínú iṣan rẹ̀ bí ìtẹ̀ bá ṣí lójijì. Inú yàrá irin ni wọ́n tún tì í mọ́ fún ohun tó lé ní ọjọ́ méjì, tí wọ́n ń dín ìtẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ń le koko. Ọmọ ìyá ni yàrá yẹn àti èyí tí à ń sọ. Èmi kò sì mọ ìdí tí a ó fi sọ pé Ọlọ́run ni ó wà nínú àlàfo afẹ́fẹ́, kí a wá sọ pé ènìyàn nìkan ni ó wà nínú yàrá.

Síbẹ̀, Priestley kò ṣìnà pátápátá. Ní 1878, Paul Bert, ará Faransé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹranko tí ó bá mí ọ́síjìn lábẹ́ ìtẹ̀ tó pọ̀ yóò gbọ̀n rìrì, gìrì yóò gbé e, yóò sì kú. Láàárín ọdún 1940 sí 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí láìpé oṣù ni àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ olówó fi àánú fún ní ọ́síjìn yanturu, tí àánú náà sì fọ́ wọn lójú. Stevie Wonder, olórin ará Amẹ́ríkà tí a bí ní 1950, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ara pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀: bí ọ́síjìn bá pọ̀ ju ohun tí ó ń fẹ́ lọ, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ a sún kì, bí ìgbà tí ènìyàn ń pa ilẹ̀kùn dé. Ẹni tí ń wọ yàrá náà yóò bọ́ aṣọ ọ̀rá, yóò wọ òwú. Kò gbọdọ̀ kun ìpara olóròóró, kò gbọdọ̀ mú fóònù tàbí ìṣáná lọ́wọ́, nítorí pé iná kì í ṣeré níbi tí ọ́síjìn bá pọ̀.

Àwọn baba wa ní tibi-tire la dá ilé ayé. Òwe náà jinlẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá ohun tí à ń wò yìí mu tán, nítorí pé kì í ṣe ibi kan àti ire kan ni a pò pọ̀ sínú ọ́síjìn, tí ọlọ́gbọ́n lè ṣà sọ́tọ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ohun kan ṣoṣo ni. Èyí tí ń pa kòkòrò inú egbò alátọ̀gbẹ, tí ń mú kí iṣan tuntun hù sí ẹsẹ̀ tí wọn ìbá gé, ni ó ń gbé gìrì wá. Àìní ẹni tí ó gbà á ni ó sọ ọ́ di ire. Níbi tí àìní bá sì parí sí ni ire náà ti ń parí. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bù kún èémí aláìní kò kọjá àyè rẹ̀ níwájú Ẹlẹ́dàá, nítorí pé Ẹni tí ó wọn 21 sínú afẹ́fẹ́ ni ó fi òfin Henry sínú omi.

Àwọn tí ó kọjá àyè wọn ni àwọn tí ń tà á fún ẹni tí kò nílò rẹ̀. Ní 1928, Orval Cunningham, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, kọ́ òbírí irin alájà márùn-ún sí Cleveland pẹ̀lú owó ọlọ́rọ̀ kan, ó ní afẹ́fẹ́ tí a tẹ̀ sínú rẹ̀ yóò wo àtọ̀gbẹ àti jẹjẹrẹ sàn. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn bi í léèrè ẹ̀rí, kò rí ọ̀kan mú wá. Ní 1942 wọ́n wó o, wọ́n fi irin rẹ̀ ṣe ohun ìjà. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì kú tán: lónìí, wọ́n ń ṣèlérí pé yàrá yìí yóò sọ arúgbó di ọ̀dọ́. Àrùn la ń wò, a kì í wo ikú; bẹ́ẹ̀ ni ogbó pàápàá kì í ṣe àrùn tí ìtẹ̀ ń lé lọ.

Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é bí ó ti yẹ, aláìsàn ń lò tó wákàtí kan ààbọ̀ nínú yàrá ní ìtẹ̀ onílọ̀ọ́po 2.4. Etí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ dí, wọn yóò ní kí ó gbé itọ́ mì kí ó lè ṣí. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, nọ́ọ̀sì yóò sọ fún un pé, “Bàbá, ẹ bọ́ ìbòmú yín ná,” yóò sì mí afẹ́fẹ́ lásán fún ìṣẹ́jú 5 kí gìrì má baà gbé e, àní bí egbò rẹ̀ ṣì ń fẹ́ ọ́síjìn sí i, kí wọ́n tó dá ìbòmú náà padà sí i lójú.