Ta Ló Gbé Àgbélébùú Lé Ọ Léjìká?

Ní Òkè-Ògùn tiwa, bí ìyà bá jẹ ènìyàn títí, wọ́n á ní kó gbé àgbélébùú rẹ̀. Ìtùnú ni ọ̀rọ̀ yìí fún ẹlòmíràn. Fún ẹlòmíràn, ìdè ni. Ìbéèrè mi ni pé: ṣé gbogbo ìyà ni àgbélébùú?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà wò. Igi méjì ni: ọ̀kan dúró lóòró, a gbé èkejì lé e ní ìbú. Ibẹ̀ ni "à-gbé-lé-ìbú" ti wá. Àwọn tó fi èdè Gíríìkì kọ Májẹ̀mú Tuntun pè é ní stauros, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń lò fún òpó igi tí a rì mọ́lẹ̀. Igi òòró ni Gíríìkì dárúkọ. Igi ìbú ni Yorùbá dárúkọ. Igi ìbú yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ ìtàn sọ pé àwọn ará Róòmù sábà máa ń gbé lé ẹlẹ́bi léjìká lọ síbi ikú.

Ikú ẹrú àti ọlọ̀tẹ̀ ni. Nígbà tí Róòmù ṣẹ́gun àwọn ẹrú tó tẹ̀lé Spartacus ní ọdún 71 ṣáájú ìbí Kristi, nǹkan bí 6,000 ni wọ́n kàn mọ́ igi lójú ọ̀nà Capua sí Róòmù. Ìtàn ẹrú kò sì jìnnà sí wa. Ọmọ Òṣoògùn lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ni Samuel Àjàyí Crowther, aṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Bí àwọn tó gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822 bá sọ pé àgbélébùú rẹ̀ ni oko ẹrú, ta ni ì bá ṣáájú iṣẹ́ náà?

Ní àdúgbò wa ní Ṣakí, ìyá kan gba ọmọ mẹ́ta tí àbúrò rẹ̀ fi sáyé lọ. Owó iṣu ló fi ń rán wọn níléèwé. Àgbélébùú nìyẹn lójú tèmi: òun fúnra rẹ̀ ló tẹ́ èjìká, nítorí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ọkọ ń lù, tí wọ́n ní kó máa fara dà á, ta ni ìyà tirẹ̀ ṣe lóore?

Ẹnì kan lè ní ipá ni wọ́n kúkú fi gbé ti Jésù náà lé e. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé Ìhìnrere fi hàn pé ó yọ̀ǹda ara rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ nìkan ló pè láti tẹ̀ lé e. Fífarada tí ó fara dà á kò sì sọ iṣẹ́ Pílátù di rere.

Símónì ará Kírénè ni wọ́n mú láti bá a gbé igi náà. Lọ́nà oko wa, bí a bá pàdé ẹni tí ẹrù ń wọ̀ lọ́rùn, a kì í wàásù fún un. A máa ń bá a sọ̀ ọ́ ni. Kí ẹni tó bá fẹ́ ní kí ọmọnìkejì gbé àgbélébùú rẹ̀ kọ́kọ́ na ọwọ́ sí ẹrù náà.